Adé Tó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀ Ẹrù

Ọjọ́ 15 oṣù Ògún ni Savalou máa ń ṣe ọdún iṣu tuntun. Àwọn èèyàn á ti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ gòkè wá, wọ́n á wo aṣọ, wọ́n á gbọ́ ìlù, wọ́n á jẹ iyán. Èmi a máa kọ́kọ́ wo táyà. Ibi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù bá dúró sí ni mo máa ń gbà lọ, kí n lè rí ẹrẹ̀ pupa tó gbẹ mọ́ àárín eyín táyà wọn, nítorí ẹrẹ̀ yẹn ló ń sọ ibi tí iṣu ti wá fún mi. Òjò kì í sinmi ní agbègbè Collines wa nínú oṣù Ògún. Iṣu kì í sì í ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà. Ó ti inú ebè wá, lẹ́yìn Pira, lẹ́yìn Gouka, ní ìhà Akpassi àti Djalloukou, ọkọ̀ ẹrù ló sì gbé e la àwọn ọ̀nà tí ẹni tó bá rí wọn lẹ́yìn òjò kò ní gbà pé ohun tó wúwo lè kọjá níbẹ̀. Ohun tó mú kí ọkọ̀ náà kọjá ni mo fẹ́ yìn. Irin ni. Inú àpótí kan láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló ń gbé, òróró dúdú ló sì ń wẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹni tó bá ti Dassa-Zoumè ń bọ̀ yóò gba ọ̀dà ńlá tí ìjọba ń pè ní RNIE 3. Ọ̀nà yìí gba Savalou kọjá láàárín àwọn òkè àpáta, ó wọ Bantè, ìlú àwa Ìṣà, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí Bassila àti Djougou. Lójú ọ̀dà yìí, awakọ̀ lè wakọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láì rántí pé nǹkan kan wà láàárín táyà ẹ̀yìn òun. Ìgbà tó bá yà sí ọ̀nà oko ni yóò rántí. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣa kájú, ilẹ̀ náà le bí amọ̀ tí iná ti jó, eruku rẹ̀ sì ń bo ewé igi etí ọ̀nà títí wọn yóò fi pọ́n. Bí òjò bá rọ̀ sí i, amọ̀ tó wà nínú rẹ̀ á mu omi, ojú rẹ̀ á sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Táyà tó ní eyín jíjìn á yí lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, amọ̀ á dí gbogbo àárín eyín náà pa. Láti ìgbà náà lọ, táyà tuntun àti táyà tó ti pá di ọgbọọgba.

Èyí tó burú jù kì í tilẹ̀ í ṣe òjò ńlá. Òjò wínníwínní tó kọ́kọ́ balẹ̀ sórí ilẹ̀ líle tí eruku wà lójú rẹ̀ ni àwọn awakọ̀ wa ń bẹ̀rù jù. Omi ò tíì wọlẹ̀, ìsàlẹ̀ ṣì le, ojú nìkan ló ti di ọṣẹ.

Nítorí irú ilẹ̀ yìí ni wọ́n ṣe máa ń dábùú ọ̀nà tí kò lọ́dà lẹ́yìn òjò, tí wọ́n á ní kí ọkọ̀ ńlá dúró títí ilẹ̀ á fi gbẹ. Ìdènà òjò ni, inú mi sì dùn sí i, torí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wúwo lè fi alẹ́ kan ba ọ̀nà tí abúlé mẹ́ta ń gbà jẹ́ fún odidi ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó kéré jù, èyí tó lọ tààrà sí ìdí ebè, kò ní ìdènà kankan. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìdènà. Òun ló máa sọ̀ kalẹ̀, tó máa fi ẹsẹ̀ rìn síwájú, tó máa fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, tó sì máa pinnu.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, jẹ́ ọ̀kan nínú irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí inú àpótí náà, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Bantè, wọ́n ti gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, mẹkáníìkì sì ti fa ṣáàfù méjèèjì yọ. Pọ́ọ̀n ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe àpótí yìí, láti inú pont tí Faransé ń wí. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti Ṣakí á pè é ní bákì-ásù. Wọ́n tẹ́ àpò sílẹ̀, wọ́n sì ń to ohun inú rẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyàwó ilé ṣe ń to ẹja sórí àtẹ.

Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ jẹ́ òrùka irin tó fẹ̀ bí àwo tí ọkùnrin mẹ́ta lè jọ jẹun nínú rẹ̀. Eyín yí i ká, eyín tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tó ń kọ mọ̀nà nítorí pé òróró ti ń fọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Couronne ni Faransé pè é, ìyẹn adé. Kiráùn tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè é, adé náà ni. Jíà kékeré kan tó ní orí ṣóńṣó ló ń yí adé yìí. Mo jókòó, mo ka eyín wọn. 7 wà lára kékeré, 41 wà lára adé.

Mẹkáníìkì náà, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, rí mi bí mo ṣe ń kà á. Ó ní, "Ọmọ mi, pín in wò." Mo fi igi kọ ọ́ sílẹ̀, mo pín in: ó ku díẹ̀ kó pé mẹ́fà. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ṣáàfù gígùn tó ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì wá máa yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan," ó wí. "Eré ló ń tà, agbára ló fi ń rà."

Lẹ́yìn náà ló gbé agolo irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ adé, ó sì yí i kí n lè rí inú rẹ̀. Jíà kéékèèké mẹ́rin wà nínú rẹ̀ lórí irin tó rí bí àgbélébùú. Méjì tó tóbi jù wọ́n lọ kọjú síra lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n sì fi eyín di àwọn mẹ́rin náà mú. Ọ̀kan jẹ́ ti táyà ọ̀tún, ọ̀kan jẹ́ ti táyà òsì. Bàbá náà pe àwọn mẹ́rin yẹn ní satellites, ó pe àwọn méjì ní planétaires. Mo mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì láti ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí olùkọ́ ti fi wọ́n kọ́ wa nípa ojú ọ̀run: àwọn ayé tó ń yí òòrùn po, àti òṣùpá tó ń yí wọn po. Mi ò mọ̀ pé wọ́n wà nínú epo lábẹ́ ọkọ̀ iṣu. Mo fi ìka yí ọ̀kan nínú àwọn méjì ńlá, ekejì sì yí padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́. Mo tún yí i. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọkàn mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí àwọn àgbà wa á rántí: Peugeot 404 onítápólì tó gbé gbogbo ìyá ọlọ́jà wa lọ sọ́jà nígbà kan rí, kò ní adé bíi ti ọkọ̀ ńlá yìí. Irin tí wọ́n gbẹ́ bí ara súkúrúù ló wà nínú pọ́ọ̀n tirẹ̀, ó sì ń yí jíà tí wọ́n fi idẹ ṣe. Irin ti Ògún, idẹ ti Ọ̀ṣun, nínú ìkòkò kan náà, òróró ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Mo rò pé ohun tó lẹ́wà jù tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀ nìyẹn.

Dífárẹ́ńṣíà ni orúkọ agolo irin yẹn àti àwọn jíà inú rẹ̀. Ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí ìhùmọ̀ lórí rẹ̀ fún ọkọ̀ ni Onésiphore Pecqueur, ọmọ Faransé kan tó ń ṣe aago. Ọdún 1827 ni, ọkọ̀ tí ooru omi ń ti sì ni ó ṣe é fún. Kò yà mí lẹ́nu pé aláago ni. Ẹni tó ti mọ́ lára láti mú kí ọwọ́ kúkúrú àti ọwọ́ gígùn rìn lórí ojú aago kan náà láì ṣèdíwọ́ fún ara wọn ni yóò rí ìṣòro táyà méjì kedere.

Ìṣòro náà rèé. Ká ní mítà 1.8 ló wà láàárín táyà ẹ̀yìn ọ̀tún àti ti òsì. Bí ọkọ̀ náà bá yà ní ìkòríta, bí ìgbà tó kúrò lójú ọ̀dà tó wọ ọ̀nà oko, táyà tó wà ní ìta á rin ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3 ju ti inú lọ. Bó bá yí po pátápátá nínú ọjà, ìyàtọ̀ náà á ju mítà 11 lọ. Bí irin kan ṣoṣo bá so àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan á máa wọ́ nílẹ̀, táyà á máa jẹ, ṣáàfù á sì máa lọ́ títí yóò fi kán. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Dífárẹ́ńṣíà jẹ́ kí táyà kọ̀ọ̀kan rin ìrìn tirẹ̀, kí ọ̀kan yára, kí ekejì rọra, síbẹ̀ kí ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo máa ti àwọn méjèèjì.

Òmìnira ìrìn ló fún wọn. Kò fún wọn ní òmìnira agbára. Ìwọ̀n agbára kan náà ló ń pín fún ọ̀tún àti òsì nígbà gbogbo, kò sì lè ṣe é lọ́nà mìíràn, nítorí àwọn jíà kéékèèké àárín yẹn dà bí igi òṣùwọ̀n tó dúró láàárín ọwọ́ méjì. Lójú ọ̀dà, ìwà rere nìyí. Nínú ẹrẹ̀, òun gan-an ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀: táyà òsì wà nínú ẹrẹ̀ tí kò lè gbà ju títì kílò 200 lọ kó tó yọ̀. Táyà ọ̀tún wà lórí òkúta tó lè gba títì 2,000. Ohun tí aláìlera bá lè gbà ni alágbára máa rí gbà, nítorí náà ọ̀tún náà á gba 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400, ọkọ̀ tó gbé iṣu tọ́ọ̀nù mẹ́wàá kò sì ní mira. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, táyà orí òkúta á dúró jẹ́jẹ́, ti inú ẹrẹ̀ á máa fi ìlọ́po méjì eré yí, á máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí tí ẹrẹ̀ fi bò ó mọ́ aṣọ mọ́ ojú, ó mọ ohun tí mo ń sọ.

Bí a bá wá rí ọ̀nà tì í pa, kí ọ̀tún àti òsì di ọ̀kan, kílò 2,000 tí òkúta lè gbà á wá sójú iṣẹ́. Àpapọ̀ á di 2,200, ọkọ̀ á sì jáde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 400 àti 2,200 yẹn ni gbogbo ohun tí à ń jíròrò nígbà tí a bá ń ṣa pọ́ọ̀n fún ọkọ̀.

Ìbátan wa kan tó ń gbé ní Winnipeg, ní Kánádà, pè mí ní ìgbà òtútù kan, ó sì fi fídíò hàn mí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró ní ẹnu ilé-ìkẹ́rùsí níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Táyà kan wà lórí omi dídì, ekejì wà lórí ọ̀dà gbígbẹ. Èyí tó wà lórí omi dídì ń yí fìì, ekejì ò mira. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tí yìnyín ń ṣe fún wa níbí." Mo ní kó fi í hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹrẹ̀ Gouka ni mo rí, tí wọ́n kùn ní funfun. Ó tún sọ fún mi pé òtútù tó mú gan-an kọ́ ni àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ń bẹ̀rù jù. Ọjọ́ tí ilẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tí omi tínrín bo ojú yìnyín, ni ọkọ̀ ń ṣubú jù. Mo rántí òjò wínníwínní wa.

Ní Alaska, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Dalton, wọ́n là á lọ́dún 1974 nítorí páìpù epo. Kìlómítà 666 ló gùn, ó sì gba Atigun kọjá, òkè tó ga ju mítà 1,400 lọ. Awakọ̀ tó ń gba ibẹ̀ lásìkò yìnyín ní irin tó fi ń ti pọ́ọ̀n rẹ̀ pa, ó sì tún ní ẹ̀wọ̀n tó ń so mọ́ táyà. Ẹ̀wọ̀n yẹn ṣe pàtàkì láti rántí. Títì pọ́ọ̀n pa kì í dá ìdìmú sílẹ̀; ìdìmú tó bá wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń kó jọ. Bí táyà méjèèjì bá wà lórí omi dídì, òfo tó kó jọ náà ni òfo. Ẹ̀wọ̀n ló ń fún táyà ní èékánná. Nílé wa níbí, ẹ̀ka igi tí ọmọ mọ́tò gé, òkúta tó ru wá láti etí ọ̀nà, àti pákó tó wà lórí ọkọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ni ẹ̀wọ̀n wa.

Àwọn oríṣi tó wà ò pọ̀, ìwà wọn ló yàtọ̀. Èyí tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni mo ti ṣàpèjúwe. Òmíràn wà tí wọ́n to àwọn awo irin tín-ín-rín sínú rẹ̀, tí awo wọ̀nyí ń fún ara wọn mọ́ra kí ọ̀tún má baà fi òsì sílẹ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ Studebaker-Packard ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí gbogbo ayé lè rà, lọ́dún 1956. Ó dára fún ọkọ̀ kékeré, ó sì dára fún yìnyín tó fẹ́ẹ́rẹ́, torí kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ awakọ̀. Ṣùgbọ́n awo náà ń jẹ, epo tirẹ̀ sì ní òògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ibi tí epo jíà ń wá nínú kẹ́ẹ̀gì, tí a kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣí kẹ́ẹ̀gì náà, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbé ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lé awo bẹ́ẹ̀.

Vernon Gleasman, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé-ẹ̀rí ní 1958 lórí èyí tí kò ní awo rárá, tí jíà inú rẹ̀ fúnra wọn ń di ara wọn mú. Torsen ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àléébù rẹ̀ fún ọ̀nà tiwa ni pé agbára táyà aláìlera ló ń sọ di púpọ̀ fún ekejì. Bí táyà kan bá gbéra kúrò nílẹ̀ pátápátá, bó ti máa ń ṣẹlẹ̀ nínú kòtò ọ̀nà oko, kò sí nǹkan kan láti sọ di púpọ̀.

Èyí tó ń ti ara rẹ̀ pa láì gbàṣẹ náà wà. Ó lágbára. Ṣùgbọ́n òun ló ń yan ìgbà tó máa tì àti ìgbà tó máa ṣí, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárín ìyànà tó ń yọ̀, nígbà tí awakọ̀ ò retí rẹ̀.

Èyí tó kù ni èmi fẹ́ràn: èyí tí ọwọ́ awakọ̀ ń tì. Nígbà tí kò bá sí ẹrẹ̀, dífárẹ́ńṣíà lásán ni, oníwà pẹ̀lẹ́. Súwíìṣì kan wà níwájú awakọ̀, wọ́n ya àwòrán pọ́ọ̀n sí i, táyà lápá kan, táyà lápá kejì, àmì ìsọdá kan sì wà láàárín wọn. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á wá láti inú táńkì tó ń ṣiṣẹ́ fún bíréèkì, á ti irin onífọ́ọ̀kì kan, fọ́ọ̀kì náà á sì ti òrùka eléyín kan wọlé kó lè di ọ̀kan nínú àwọn jíà ńlá méjèèjì mọ́ agolo. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá ti dè, gbogbo wọn dè. Iná kékeré kan á tàn. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ kejì wọlé.

Ó ní òfin tirẹ̀. Kí ọkọ̀ tó wọ ẹrẹ̀ ni a ti ń tì í, pẹ̀lú táyà tó dúró tàbí tó ń rọra yí. Ẹni tó bá dúró kí táyà kan máa yí fìì kó tó tẹ súwíìṣì ń fi eyín irin lu eyín irin. A kì í tì í lójú ọ̀dà gbígbẹ, torí ìyàtọ̀ ìrìn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan á di lílọ́ nínú ṣáàfù. Ọkọ̀ tí a tì pa kì í fẹ́ yà. Tààrà ló mọ̀. Ọkọ̀ tí pọ́ọ̀n méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní súwíìṣì kejì tó ń so pọ́ọ̀n iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, èyí ni a sì ń kọ́kọ́ tì, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń tó láì fọwọ́ kan ekejì.

Òfin tó le jù nínú wọn, ẹrẹ̀ ló fi kọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Alẹ́ kan ni, ẹ̀yìn Pira, òjò ti rọ̀ ó sì ti dá. Ọ̀nà náà ga láàárín, ó sì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kí omi lè máa ṣàn lọ sínú kòtò, bí ọ̀nà rere ṣe yẹ kó rí. Ó ti pọ́ọ̀n pa, ó sì ń lọ dáadáa ní àárín. Ọ̀kadà kan yọ níwájú, ó rọra yà fún un. Bó ṣe kúrò lórí òkè àárín ọ̀nà yẹn, táyà ẹ̀yìn méjèèjì yọ̀ pa pọ̀, ìdí ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fa àga. Ó tẹ bíréèkì, kò gbọ́. Inú kòtò ló dúró sí, iṣu sì fara ti iṣu títí ọkọ̀ fi tẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ti tì í pa," mo bi í, lẹ́yìn tó sọ ọ́ fún mi.

"Àbúrò, nítorí pé mo tì í pa ni."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo sì ti rí i pé bó ṣe wí náà ni yìnyín ṣe ń ṣe. Bí pọ́ọ̀n bá ṣí sílẹ̀ tí táyà kan ń yọ̀, ekejì ṣì wà nílẹ̀, ó ń di ìdí ọkọ̀ mú kó má baà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti lọ síwájú, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹsẹ̀ tí a fi tẹ ilẹ̀. Bí a bá tì í pa tí àwọn méjèèjì sì jọ yọ̀, kò sí ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ní ojú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yálà amọ̀ ni tàbí omi dídì, ṣíṣí rẹ̀ ló dára, kí awakọ̀ sì rọra. Nínú ẹrẹ̀ tó jìn, tó dọ́gba, títì í pa ló dára. Irin kan ṣoṣo, ìdáhùn méjì, ojú awakọ̀ ló sì ń mọ èyí tó tọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn èyí tí ọwọ́ ń tì ju èyí tó ń ti ara rẹ̀ nìyẹn. Jíà ò rí ọ̀nà. Kò mọ̀ pé kòtò wà lósì.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù tó ń dé ọ̀dọ̀ wa gba èbúté Kútọnu wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yúróòpù. Ẹni tó bá fẹ́ rà fún ọ̀nà Bantè kó kọ́kọ́ wá súwíìṣì tí mo ṣàpèjúwe yẹn. Ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ níbi ìkọ́lé tàbí nínú igbó gẹdú sábà máa ń ní i. Èyí tó ti ń gba ọ̀dà ńlá nìkan lè má ní. Kó má wo iná nìkan, torí iná lè tàn láìsí iṣẹ́. Kó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kó tẹ súwíìṣì, kó sì fi ọwọ́ yí táyà kan. Bí ekejì bá yí padà sẹ́yìn bíi ti ìgbà tí mo fi ìka yí jíà lábẹ́ igi máńgòrò, kò tì. Kó gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Kó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ pọ́ọ̀n, kó wo àwọ̀ epo tó jáde. Epo dúdú kò burú. Epo tó rí bí ògì ti mu omi, omi sì ti ń jẹ adé. Ẹni tó ń la odò kékeré kọjá lójoojúmọ́ lásìkò òjò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé pọ́ọ̀n gbígbóná tó wọ omi tútù máa ń fa omi sínú, bí ihò tó fi ń mí bá ti dí. Ihò yẹn kò tóbi ju ìka kékeré lọ. Mo ti rí adé tó ní eyín 41 tó bàjẹ́ nítorí pé ẹrẹ̀ dí i.

Owó pọ̀ nínú gbogbo èyí fún ẹni tó ní ọkọ̀ kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu kì í dúró de ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ há, bẹ́ẹ̀ náà ni kájú tí òjò àkọ́kọ́ bá bá lórí àpò. Láti oṣù Igbe ọdún 2024 tí ìjọba ti fòfin de kíkó kájú tí a kò tíì ṣe jáde kúrò ní Benin, ilé-iṣẹ́ ìlú wa ló ń dúró dè é, irú èyí tó wà ní Glo-Djigbé. Kó tó dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kúrò lábẹ́ igi.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún Savalou, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí oko kan lẹ́yìn Gouka. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni a gbéra padà, iṣu ti kún ẹ̀yìn wa. Níbi àkùrọ̀ kan tí ọ̀nà ti rì, ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn ín já, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ibi mẹ́rin, ó padà wá láì sọ̀rọ̀. Ó tẹ súwíìṣì. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ tó mí lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ wa, lẹ́yìn náà ni ìró irin kékeré kan, tó dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn rere bá ti wọ àyè rẹ̀. Iná tàn. Ó fi jíà kejì wọ inú rẹ̀, kò yára, kò sì dúró, ẹrẹ̀ sì ń fọ́n sí ọ̀tún àti òsì ní ìwọ̀n kan náà. Nígbà tí táyà iwájú gun ilẹ̀ líle, mo rò pé yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀dà. Ó na ọwọ́, ó pa á. Iná ṣì wà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, torí eyín irin ṣì ń fún ara wọn mọ́ra. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ díẹ̀ sí òsì, díẹ̀ sí ọ̀tún, iná náà sì kú. Lẹ́yìn náà ló yà sí ojú ọ̀nà Bantè.